Ọmọ Tó Kọ Ògì: Ìtàn Ìjà Àgbà àti Ọmọ Ọwọ́ Lórí Oúnjẹ

Ohun tí mo sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí ni mo kọ sílẹ̀ níbí, fún ẹ̀yin tí kíkà wù ju gbígbọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí kì í jẹ oúnjẹ lílọ̀ ni mo mú wá lónìí. Ọmọ ti pé oṣù 6, ọyàn nìkan kò tó o mọ́. Ìyá po ògì, ó gbé ṣíbí sí i lẹ́nu, ọmọ pa ẹnu dé. Wọ́n lọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúnná, ó tu ú. Wọ́n gún ànàmọ́, ó yí ojú kúrò. Ṣùgbọ́n bí bàbá rẹ̀ bá gbé iṣu sísè síwájú, ọmọ yìí kan náà á na ọwọ́ sí i. Àwọn ìyá tó ń bi mí léèrè nípa rẹ̀ máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ilé tiwọn nìkan ló ti ṣẹlẹ̀. Rárá o. Ìjà yìí ti pẹ́ láyé, ó ní ìtàn tirẹ̀, ọmọ púpọ̀ sì ti bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ kan fún bí a ṣe ń borí ọmọ tó kọ oúnjẹ: rírọ. A máa ń sọ pé, "Ó ń rọ ọmọ lẹ́kọ." Mo ti fojú mi rí i, ẹ̀yin náà lè ti rí i. Ìyá á na ẹsẹ̀, á tẹ́ ọmọ sórí itan, á ká àtẹ́lẹwọ́ bí ife sí ẹnu ọmọ, á sì máa da ẹ̀kọ tó lọ́ wọ́rọ́wọ́ sí i. Bí ọmọ bá ké, ẹnu á là, ẹ̀kọ á wọlé. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ fún ọmọ nímú díẹ̀ kó lè gbé e mì. Bí ikùn bá ti yọ roboto, ìyá á nu ojú ọmọ, ó di ọ̀sán.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìkà ni àwọn ìyá wa. Ẹ rántí irú ayé tí wọ́n gbé. Ilé tí kò tíì sin ọmọ rí kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ àbíkú kì í ṣe ìtàn ìdárayá nígbà yẹn. Bí ọmọ bá kọ oúnjẹ lónìí, ta ló mọ̀ bóyá yóò wà lọ́la? Ìyá tó ń rọ ọmọ ń bá ikú du ọmọ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ewu wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń ké, tí wọ́n ń da oúnjẹ sí lọ́fun, lè fa á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ibi ìgbàlà lè di ibi ikú.

Ìṣòro kejì wà nínú ẹ̀kọ fúnra rẹ̀. Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe ògì. A ó rẹ àgbàdo tàbí ọkà bàbà fún ọjọ́ 2 tàbí 3, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó da èérí nù fún ewúrẹ́. Nínú èérí yẹn ni apá kan lára èròjà tó ń mú ara dàgbà ti bá ewúrẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà, a ó fi omi púpọ̀ lú ìyókù kó lè ṣàn wọ ọ̀fun ọmọ. Ikùn ọmọ kéré, omi ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí a dà sí i. Ọmọ lè yó bámú kí ebi ṣì wà lára rẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ èyí sílẹ̀ kedere ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Cicely Williams, dókítà obìnrin tí wọ́n bí ní Jamaica. Ọdún 1929 ni ó dé Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní. Ó rí àwọn ọmọ tí ara wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ wọn ń bó. Ní 1933, ó kọ ìwé ìjìnlẹ̀ kan níbi tó ti so àrùn náà mọ́ oúnjẹ tó jẹ́ kìkì àgbàdo. Ní 1935, ó lo orúkọ tí àwọn ará Ga ní Àkúrá fi ń pè é: kwashiorkor. Àrùn tí ń mú ẹ̀gbọ́n nígbà tí àbúrò bá dé ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyá já ẹ̀gbọ́n lẹ́nu ọmú nítorí ọmọ tuntun, ẹ̀kọ àgbàdo ló sì fi rọ́pò ọmú. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn ìyá ti mọ àrùn náà, wọ́n ti mọ ìgbà tó ń wá, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, kí dókítà tó dé.

Ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, ọ̀rọ̀ náà dé Iléṣà. Dókítà David Morley ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild, ó sì ń tọ́pa àwọn ọmọ ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé láti ìgbà tí wọ́n bí wọn. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ ń wọn ọmọ, wọ́n ń fi àmì sí ìwọ̀n rẹ̀ lórí káàdì kan, wọ́n sì ń fún ìyá ní káàdì náà mú lọ sílé. Ìlà tó wà lórí káàdì máa ń gòkè dáadáa ní oṣù 6 àkọ́kọ́, nígbà tí ọmú ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ìlà á dùbúlẹ̀. Èéyi àti ikọ́ líle wà nínú ohun tó fà á, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Káàdì ìwọ̀n tí wọ́n ń fún yín ní kíníìkì títí dòní, ìran káàdì Iléṣà ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ wa rò pé òkè òkun nìkan ni irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ti ń wá.

Ẹ jẹ́ ká ré kọjá sí Amẹ́ríkà báyìí. Àwọn ìyá níbẹ̀ pẹ̀lú ń jà. Láti 1894 ni ìwé Dókítà Emmett Holt lórí ìtọ́jú ọmọ ti ń sọ fún ìyá iye oúnjẹ àti wákàtí tí ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun. Bí dókítà bá ti kọ ọ́, ọmọ gbọ́dọ̀ gbé e mì. Àwọn ọmọ kò ka ìwé, wọ́n kọ̀.

Ní 1928, ọ̀nà 2 là lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìlú Fremont, ní Michigan, ilé iṣẹ́ ìdílé Gerber bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀fọ́ lílọ̀ nínú agolo fún ọmọ ọwọ́. Dorothy Gerber ló ti ń fi ọwọ́ sẹ́ ẹ̀fọ́ fún ọmọ rẹ̀ nílé, tí ó sì sú u. Oúnjẹ inú agolo yìí ràn káàkiri, títí tí gbogbo ayé fi rò pé oúnjẹ ọmọ kò lè jẹ́ ohun mìíràn ju ohun tó kúnná lọ.

Ní ọdún yẹn kan náà, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Clara Davis gbé àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ó kó àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú jọ sí ilé ìwòsàn kan ní Cleveland, ó sì tẹ́ oríṣiríṣi oúnjẹ síwájú wọn: ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ̀dọ̀, mùdùnmúdùn egungun, ọkà, ẹ̀fọ́, èso, wàrà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 34, a kì í sì gbé gbogbo wọn wá lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ọ̀sì jókòó ti ọmọ, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fi lọ̀ ọ́, kò gbọ́dọ̀ yìn ín, kò gbọ́dọ̀ bá a wí. Bí ọmọ bá tọ́ka sí nǹkan, tó sì la ẹnu, nígbà náà ni kí ó fún un. Bí kò bá sì fẹ́ ṣíbí, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Àwọn ọmọ náà fi ojú bọ àwo, wọ́n tu èyí, wọ́n jẹ tọ̀hún, wọ́n jẹ ẹyin títí ó fi sú wọn. Kò sí 2 nínú wọn tó jẹ oúnjẹ bákan náà. Síbẹ̀ gbogbo wọn dàgbà dáadáa. Ọ̀kan nínú wọn ní àrùn egungun rírọ̀ nígbà tó dé. Wọ́n gbé òróró ẹ̀dọ̀ ẹja sórí àwo rẹ̀ nínú ife kékeré. Ó ń mu ún fúnra rẹ̀ títí egungun rẹ̀ fi le, lẹ́yìn náà kò wò ó mọ́. Ọmọ 15 ni Davis tọ́jú báyìí kí owó iṣẹ́ náà tó tán.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣi ìtàn yìí gbọ́. Wọ́n ní ó fi hàn pé ọmọ mọ ohun tó dára fún un. Davis fúnra rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kọ ọ̀rọ̀ náà ní 1939, ó ṣàlàyé pé ẹ̀tàn kan wà nínú rẹ̀: kò sí ṣúgà lórí àwo, kò sí búrẹ́dì funfun, kò sí oúnjẹ agolo. Ibikíbi tí ọwọ́ ọmọ bá kàn, ohun rere ló kàn. Àgbà ló yan ohun tó wà nílẹ̀, ọmọ ló yan èyí tí yóò jẹ àti bí yóò ti pọ̀ tó. Àwọn baba wa ti sọ ọ́: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Bí a bá fi òwe yìí wo ilé wa, a ó rí i pé a ti yí i po. Àgbà ki ọwọ́ bọ kèrègbè ọmọ, ó ń rọ ọ́. Ohun tó yẹ kó gbé sọ̀ láti orí pẹpẹ kò sì gbé e, nítorí wọ́n ní ọmọ tó bá jẹ ẹyin tàbí ẹran yóò di olè. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi, a mọ ilé tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ti gbìyànjú àtúnṣe. Ní ìpínlẹ̀ Kwara, ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí àti àwọn ìyá jọ ṣe ẹ̀kọ kan tí wọ́n pè ní Ẹ̀kọ Ìlera. Ògì ṣì ni, ṣùgbọ́n wọ́n po ìyẹ̀fun ẹ̀wà, epo pupa àti ṣúgà mọ́ ọn. Nílùú Ọba ẹ̀wẹ̀, Gill Rapley àti Tracey Murkett gbé ìwé jáde ní 2008 pé kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ líle. Ṣáájú ìyẹn, ní 2001, ìwádìí kan ní agbègbè Bristol ti fi hàn pé àwọn ọmọ tí kò tíì tọ́ oúnjẹ oníkókó wò títí wọ́n fi kọjá oṣù 10 ló máa ń fa wàhálà oúnjẹ jù nígbà tí wọ́n bá pé oṣù 15.

Nítorí náà, bí ọmọ tó ti pé oṣù 6, tó lè jókòó, tí ọrùn rẹ̀ sì dúró, bá kọ ògì, kò kọ oúnjẹ. Ẹ gbé iṣu tó rọ̀ débi tí ìka 2 lè tẹ̀ ẹ́ fọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ fún un ní mọ́ínmọ́ín, ẹyin tó jinná, ẹ̀wà tí ẹ ti tẹ̀, ẹja tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀ kúrò. Ẹ má fún un ní ẹ̀pà odindi, ẹ má fún un ní oyin kó tó pé ọdún 1, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹ má já a lẹ́nu ọmú. Bí ìlà káàdì rẹ̀ bá dùbúlẹ̀, tàbí tí gbogbo oúnjẹ ń há a lọ́fun, ẹ gbé e lọ sí kíníìkì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sùúrù nìkan mọ́.

Àti ẹ̀yin ìyá àgbà tó ń gbọ́ wa: ẹ ti bá ikú jà, a dúpẹ́. Káàdì ti wà báyìí tó lè sọ fún wa bí ọmọ bá ń dàgbà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà pa ẹnu rẹ̀ dé nígbà tó bá yó.

Ibi tí a ó dé dúró lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn. Ẹ sọ fún wa ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe oúnjẹ ọmọ nílùú tiyín. Ó dìgbà kan ná o.