Ojú tí Àwọn Ọmọ Ìjọ Àgùdà Òde Òní fi ń Wo Ìsìn Àwọn Baba Wọn

Ìfáárà
Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò ojú tí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà òde òní fi ń wo ìsìn àwọn ìyá àti baba wọn nílẹ̀ Yorùbá. Ohùn méjì ni a sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan ní ayé àtijọ́ ni ìgbàgbọ́ jinlẹ̀: kò sí ariwo nínú ìsìn, ààwẹ̀ le, ọ̀rọ̀ fádà sì ni abẹ gé. Àwọn mìíràn ní ayé òpè ni: èdè Látìn tí wọn kò gbọ́ ni wọ́n ń pè bí ayékòótọ́, wọ́n sì kọ ohun gbogbo tí í ṣe ti Yorùbá sílẹ̀. Èrò tiwa ni pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohùn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó tó ìtàn í sọ.

1. Ìjọ tí kò ní àlùfáà
Orúkọ náà, Àgùdà, jẹ́ ẹ̀rí fún wa. Òun ni a fi ń pe àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú ní Brazil padà sí Èkó. Òun náà ni a fi ń pe ìjọ tí wọ́n mú bọ̀. Nígbà tí Fádà Francesco Borghero, ọmọ ẹgbẹ́ SMA tí a dá sílẹ̀ ní Lyon ní 1856, dé Èkó ní 1863, ó bá àwọn onígbàgbọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó ń kó wọn jọ fún àdúrà ni ọkùnrin kan tí a ń pè ní Padre Antonio. Kì í ṣe àlùfáà. Ẹrú tí ó gba òmìnira ni. Bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ní 1868 ni àlùfáà tó wá fi Èkó ṣe ibùjókòó. A kò lè wá pe irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ayékòótọ́, nítorí àwọn gan-an ni wọ́n di ìjọ mú.

2. Látìn àti ààwẹ̀
Òótọ́ ni pé Látìn ni a fi ń ṣe Mísà títí di ìgbà tí Àpérò Vatican Kejì (1962–1965) fi àyè gba èdè ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá kò sí lẹ́yìn. Bí fádà ti ń ka Látìn lórí pẹpẹ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka Rósárì ní Yorùbá. Yorùbá ni a fi ń kọ́ Kátíkísìmù ní àkọ́sórí. Ní abúlé tí fádà kì í dé déédéé, tíṣà tí ó ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé náà ni ó ń darí àdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ní ti ààwẹ̀, ẹni tí yóò gba Ara Olúwa kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan oúnjẹ tàbí omi láti ọ̀gànjọ́ òru. Ní 1953 ni a yọ omi kúrò nínú òfin yìí. Ní 1957 ààwẹ̀ náà di wákàtí mẹ́ta. Ní 1964 ó di wákàtí kan. Ẹni tí ó bá rántí ẹni tí ó fi òùngbẹ rìn láti abúlé wá sí Mísà yóò mọ ìdí tí a fi ń yìn wọ́n. Síbẹ̀, líle òfin kì í ṣe òṣùwọ̀n ọkàn. A kì í fún ọkùnrin olóbìnrin púpọ̀ ní Ara Olúwa. Irú wọn tí ó ń wá sí ìsìn kò sì kéré. Nítorí náà, ayé àtijọ́ kì í ṣe ayé ẹni pípé.

3. Àṣà Yorùbá
Lóòótọ́ ni a kọ́ àwọn onígbàgbọ́ láti pa òrìṣà àti Ifá tì. Ṣùgbọ́n ní 1947, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí Àpérò Vatican Kejì tó bẹ̀rẹ̀, a dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí Fádà Kevin Carroll ń bójú tó. Níbẹ̀ ni àwọn agbẹ́gilére bí George Bándélé àti Lámídì Fákẹ́yẹ ti ń gbẹ́ ìtàn Bíbélì ní ọ̀nà Yorùbá, tí àwọn ọba tí ó wá kí Jésù fi wọ aṣọ ọba ilẹ̀ wa.

Ìkádìí
Ohun tí ó kan àwa olùkọ́ àti olùdánwò ni pé kí a má ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì nítorí pé ó yin àtijọ́ tàbí pé ó bú u. Kí a bi í léèrè pé: ta ni? nígbà wo? èdè wo ni wọ́n fi ṣe é? Àwọn tí ó kọ́ Kátíkísìmù ayé ìgbà náà ní àkọ́sórí ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sí wọn, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́nu wọn kí ó tó pẹ́ jù.