Ilé ìgbàlejò ìdílé: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó sọ ilé bàbá yín di ibi tí àlejò ń sanwó sùn

Bí ẹ bá rìn wọ àwọn àdúgbò àtijọ́ nílùú Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́jọ tó jẹ́ pé ìyá àgbà kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ nìkan ló kù nínú rẹ̀. Bàbá tó kọ́ ọ ti lọ sọ́run. Àwọn ọmọ ti fọ́n ká sí Èkó, Àbújá, Accra àti London. Nígbà tí wọ́n bá wálé lásìkò ọdún, tí wọ́n jẹun tán tí wọ́n jókòó sábẹ́ ibòji, ọ̀kan nínú wọn a máa sọ ọ́ pé: "Ẹ jẹ́ ká tún ilé yìí ṣe, ká máa fi gba àlejò."

Èrò tó dára ni. Ó sì lè gbé ìdílé dé ilé ẹjọ́ bí wọ́n bá fi ìkánjú ṣe é.

Kí ni ilé ìgbàlejò ìdílé?

Ilé tí kò tóbi ni, tí yàrá rẹ̀ sábà máa ń wà láàrin mẹ́ta sí mẹ́wàá, tí àwọn tó ni ín ń gbé inú ọgbà kan náà, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn tọ́jú rẹ̀, tí oúnjẹ àárọ̀ sì wà nínú owó yàrá. "Gẹ́sìtì háòsì" ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é ní Nàìjíríà, orúkọ náà sì ti bàjẹ́ díẹ̀ nítorí àwọn ilé tó ń fi yàrá háyà fún wákàtí méjì méjì.

Ibẹ̀ ni ìpinnu àkọ́kọ́ wà. Owó wákàtí dùn, nítorí yàrá kan ṣoṣo lè pa owó lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó kó ọmọ mẹ́ta wá síbi ìgbéyàwó kò ní sùn nírú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé tó wá ṣe ìwádìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A kò lè sin oníbàárà méjèèjì pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan.

Ta ló ni ilé náà gan-an?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù, òun náà sì ni àwọn èèyàn máa ń fò dá. Lábẹ́ àṣà Yorùbá tí àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà fọwọ́ sí, bí bàbá bá kú láì kọ ìwé ìpíngún, ilé rẹ̀ di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lápapọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kò di ti àkọ́bí. Àgbà ọmọ tí a ń pè ní Dáwódù lè di olórí ẹbí, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń bójú tó ilé náà fún gbogbo wọn.

Àwọn adájọ́ ti sọ ọ́ ní àsọtúnsọ pé bí ọmọ ẹbí bá ta ilé ẹbí láìsí ọwọ́ olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí náà bá sì dá a tà láì gba ohùn àwọn àgbà ẹ̀ka yòókù, wọ́n lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e. Bákan náà ló rí bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ilé náà dúró fún owó ní báǹkì. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní òkè òkun, tó ń fi owó ránṣẹ́ sí àbúrò kan ṣoṣo láti fi tún ilé ṣe, lè ná owó ọdún mẹ́wàá tán kí ó tó mọ̀ pé ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ni òun ń tún ṣe.

Pínpín èrè náà ní ìtàn tirẹ̀. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó ti Èkó dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Privy Council nílùú London, dá lórí ogún ọkùnrin kan tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín in, kí ẹ̀ka ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan náà, àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tirẹ̀? Lọ́dún 1962, ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí i pé ìdí-igi jẹ́ àṣà Yorùbá tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, àti pé olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí níbi tí àríyànjiyàn bá ti wà.

Ẹ gbé e wá sórí ilé ìgbàlejò. Ká ní ẹ jèrè náírà 3,600,000 lọ́dún, tí ẹ sì jẹ́ ọmọ mẹ́sàn-án láti ọ̀dọ̀ ìyá mẹ́rin. Bó bá ṣe ìdí-igi, náírà 900,000 ló kan ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ọmọ tó jẹ́ òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí yóò sì kó gbogbo rẹ̀ lọ. Bó bá ṣe orí-ò-jorí, náírà 400,000 ni tirẹ̀. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàrin owó méjèèjì, kí ẹ sì bi ara yín bóyá ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ tí owó ti wà lórí tábìlì.

Ọ̀nà tí mo rò pé ìjà rẹ̀ kéré jù ni pé kí ẹbí lápapọ̀ fi ilé náà háyà fún ilé iṣẹ́ kan fún iye ọdún tí wọ́n bá fi ẹnu kò sí. Gbogbo ọmọ ni yóò máa jẹ nínú owó ilé. Àwọn tó fi owó tàbí agbára sí iṣẹ́ náà nìkan ni yóò máa jẹ nínú èrè. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò kọ ọ́, kí olórí ẹbí àti aṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ohun kéékèèké náà sínú rẹ̀: ta ni yóò máa gba owó oṣù kí a tó pín èrè, ṣé ọmọ ẹbí tó wálé síbi òkú yóò sanwó yàrá, báwo ni a ó ṣe dá owó ẹni tó fẹ́ jáde padà. Ọ̀rọ̀ yàrá ọ̀fẹ́ yìí ń dun àwọn èèyàn ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ìwé wo ni ìjọba fẹ́ rí?

Ní Nàìjíríà, àjọ CAC ni ẹ ó ti forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ lè fi orúkọ òwò lásán bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí gbèsè bá dé, ọrùn ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ló ń bọ́ sí. Ilé iṣẹ́ tó ní ìpín ìdókòwò dá dúró lọ́tọ̀, òfin CAMA ti ọdún 2020 sì gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá a sílẹ̀.

Ìwé àṣẹ ilé ìgbàlejò fúnra rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ Èkó ti fa ọ̀rọ̀ yìí dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, tó dájọ́ lọ́dún 2013 pé ìpínlẹ̀ ló ní agbára láti fún òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìgbàlejò níwèé àṣẹ, kí ó sì máa mójú tó wọn. Nítorí náà, ohun tí ẹ̀gbọ́n yín san ní Calabar lè má bá tiyín mu ní Ìlọrin. Ẹ lọ bi ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ ní ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó kan pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà. Èkó tún ní òfin ọdún 2009 tó ní kí àlejò san 5% lórí owó yàrá àti oúnjẹ. Ẹ̀yin ni ẹ ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹ ó sì san án fún ìjọba.

Ilé tí wọ́n fọwọ́ sí fún gbígbé kì í dédé di ilé òwò. Ẹ ó gba àyè lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń rí sí ètò ìlú. Àwọn wòléwòlé yóò wá wo ilé ìdáná, kànga àti ṣáláńgá yín, wọ́n sì lè ní kí ẹni tó ń dáná lọ ṣe àyẹ̀wò ara. Àwọn tó wà ní Ghana yóò lọ sọ́dọ̀ Ghana Tourism Authority, tí òfin Act 817 ti ọdún 2011 gbé kalẹ̀. Owó 1% tí àlejò ń san kún owó rẹ̀ níbẹ̀ lọ sínú àpò ìdàgbàsókè ìrìn-àjò afẹ́.

Ìṣirò owó

Ẹ má fi yàrá tó kún ṣe ìṣirò. Ká mú ilé oníyàrá márùn-ún, náírà 20,000 lálẹ́ kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá kún fún ọgbọ̀n ọjọ́, náírà mílíọ̀nù mẹ́ta nìyẹn, owó tí gbogbo aláìmọ̀ fi ń lá àlá. Bí yàrá méjì nínú márùn-ún bá ń kún, ó di náírà 1,200,000, inú èyí sì ni oúnjẹ, ọṣẹ, owó òṣìṣẹ́, omi àti iná yóò ti jáde.

Iná ló ń jẹ ilé ìgbàlejò run. Nígbà tí àjọ NERC gbé owó àwọn oníbàárà Band A sókè lóṣù kẹrin ọdún 2024, ìwọ̀n kan tó jẹ́ nǹkan bí náírà 68 di náírà 225. Ẹ̀rọ amúlétutù kan tó ṣiṣẹ́ láti alẹ́ dé òwúrọ̀ lè jẹ ìwọ̀n mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ní 225, náírà 2,250 ti lọ nínú 20,000 yín kí àlejò tó jí. Mo ti sùn nínú ilé kan tí wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀ láago mẹ́wàá alẹ́ láì sọ fún àlejò tẹ́lẹ̀. A kò bínú sí òkùnkùn tó bí a ṣe bínú sí ìyẹn. Bí ẹ kò bá lè ra iná oòrùn fún gbogbo ilé, ẹ kọ wákàtí iná sára ògiri.

Ẹ ronú jinlẹ̀ kí ẹ tó yá owó báǹkì. Lóṣù kọkànlá ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé òṣùwọ̀n èlé tirẹ̀ dé 27.5%, báǹkì tó ń yá yín lówó a sì fi tirẹ̀ lé e. Mílíọ̀nù mẹ́wàá ní èlé 30% ń bí náírà 250,000 lóṣù, kí ẹ tó dá kọ́bọ̀ kan padà nínú owó tí ẹ yá. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ rọrùn ju èyí lọ. Títún yàrá méjì ṣe lọ́dún yìí, kí owó wọn tún méjì mìíràn ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, tún rọrùn jùyẹn lọ.

Bó bá jẹ́ rírà ni ẹ fẹ́ ra èyí tó ti ń ṣiṣẹ́

Ẹ kọ́kọ́ lọ sùn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí àlejò lásán, lọ́jọ́ Ajé kan àti lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan. Ẹ ka iye fìtílà tó tàn nínú yàrá lálẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí agbẹjọ́rò yẹ ìwé ilẹ̀ wò ní ilé ìkówèésí ilẹ̀ ìpínlẹ̀, nítorí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí títà ilẹ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí lílò. Ẹ béèrè gbèsè iná, owó orí àti owó oṣù òṣìṣẹ́, kí ẹ sì rí ìwé àkọsílẹ̀ àlejò ọdún méjì. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun kì í kọ nǹkan sílẹ̀, ilé àti ilẹ̀ nìkan ni kí ẹ sanwó fún.

Níbo ni àlejò yóò ti wá?

Ọdún ìbílẹ̀ ń kún yàrá, ṣùgbọ́n ọjọ́ rẹ̀ kì í pọ̀. Òṣogbo ń kún lóṣù kẹjọ nítorí Ọ̀ṣun, tí igbó rẹ̀ wọ ìwé UNESCO lọ́dún 2005. Ìjẹ̀bú-Òde ń kún lọ́jọ́ kẹta Iléyá nítorí Ojúde Ọba. Calabar ń kún lóṣù kejìlá. Ní Ouidah, lórílẹ̀-èdè Benin, ayẹyẹ Vodun Days tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024 ń kó èrò jọ yí ká ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní, ọmọ ECOWAS sì lè wọlé láì gba físà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́.

Ohun tó ń gbé ilé ró lóṣù kẹfà ni òkú, ìgbéyàwó, ilé ìwòsàn ńlá àti fásitì tó wà nítòsí. Ẹ fún àwọn tó ni gbọ̀ngàn ayẹyẹ àti àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ní nọ́ńbà yín. Booking.com a máa mú àlejò òkè òkun wá, ṣùgbọ́n ìpín tó ń gbà sábà máa ń tó nǹkan bí 15%, nítorí náà ẹ ti fi í sínú iye yàrá.

Nínú ilé fúnra rẹ̀

Àlejò kò retí wúrà. Ó fẹ́ kọ́kọ́rọ́ tó ń ti ilẹ̀kùn, aṣọ ibùsùn tó mọ́, omi tó ń yọ, àti àkàrà gbígbóná pẹ̀lú ògì láago méje, kì í ṣe láago mẹ́wàá. Ẹ kọ orúkọ àlejò, nọ́ńbà ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ àti àkókò tó dé sínú ìwé ńlá kan. Ọlọ́pàá lè wá béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi hàn ọkọ tàbí ìyàwó tó ń wá ẹnì kan kiri, nítorí òfin ọdún 2023 lórí ààbò ìsọfúnni àwọn èèyàn dè yín. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, kò gbọdọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rárá: èéfín rẹ̀ ń pa ẹni tó sùn láì jẹ́ kó mọ̀.

Ìyá àgbà tó wà nílé láti ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ibi tí yóò sùn, ẹnu ọ̀nà tí yóò máa gbà wọlé láì kọjá láàrin àlejò, àti iye tí yóò máa gbà bó bá jẹ́ òun ló ń dín àkàrà: kí gbogbo èyí wà nínú ìwé àdéhùn kí káfíńtà àkọ́kọ́ tó dé.