Là, Hámà àti Oyin Inú Àpáta

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní Abereke, létí òkun Ìlàjẹ, ibo la ti fẹ́ rí àpáta? Ẹrẹ̀, iyanrìn àti omi ni. Síbẹ̀, òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó ń rí bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe ń mu epo kí ẹja sáwá tó wọ àwọ̀n. Ẹnu àáké lè ṣẹ́, àwọ̀n lè ya. Ẹni tó bá ti rí oyin kì í ṣírò irin mọ́.

Bí àáké bá ṣiṣẹ́ tán, àpáta á là. Ẹni tó jẹ oyin náà ńkọ́? A ní òun pẹ̀lú ti là. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí gbòòrò: oòrùn ń là, ojú ń là, igi ń là sí méjì, òtòṣì ń là. Ẹni tí ìjì bá lójú òkun tó sì gúnlẹ̀ láàyè, ó là á já. Lójú tèmi, èyí ló yẹ kí apẹja kọ́kọ́ rántí, torí òkú kì í ka owó ẹja.

"Ó ti hámà" ni àwọn ọ̀dọ́ ń wí ní tiwọn fún ẹni tó bá rí owó ńlá, ì báà jẹ́ olórin tí orin rẹ̀ gbòde, ì báà jẹ́ oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ tà wàràwàrà. Irinṣẹ́ ni hámà bíi ti àáké, àmọ́ ìró kan ṣoṣo là ń gbọ́ nínú rẹ̀: gbàm! Nígbà tí A Tribe Called Judah, fíìmù Fúnkẹ́ Akíndélé tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ, ta ni kò ní sọ pé ó hámà? Bẹ́ẹ̀, láti 2008 ni fíìmù rẹ̀ Jẹ́nífà ti wà lórí àtẹ, a sì ti ń wo Fúnkẹ́ fúnra rẹ̀ nínú eré tẹlifíṣọ̀n I Need to Know ṣáájú ìyẹn. Hámà kò sọ ohun tó ti bá ẹnu irin náà.

Ẹ wo Ayétòrò, ní etíkun Ìlàjẹ kan náà. Àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ ẹ́ dó ní 1947, wọ́n jùmọ̀ ń ṣiṣẹ́, owó ń wọ àpò kan. Wọ́n pẹja, wọ́n hunṣọ, wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n ṣe bàtà, títí òkìkí ìlú wọn fi kàn. Kò sẹ́ni tó lè ní Ayétòrò hámà. Ó là ni. Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ mì, àwọn ará ìlú sì ń ké sí ìjọba kó wá mọ ohun tí yóò dá omi dúró. Àtilà tí wọ́n ń wá báyìí kì í ṣe ti owó.