Aṣòfin Lórí Ayélujára: Ọ̀rọ̀ Ìṣèlú Orílẹ̀-èdè àti Àwọn Ará Etídò Ìlàjẹ

Ọ̀rọ̀ tí aṣòfin ń kọ sí ojú òpó rẹ̀ lórí ayélujára ni ọ̀pọ̀ olùdìbò fi ń mọ ibi tí aṣojú wọn dúró sí lórí owó epo, owó orí, ètò ààbò àti pípín owó ìjọba. Ní etídò Ìlàjẹ, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wúwo ju bó ti rí níbòmíràn lọ. Òkun ń jẹ ilẹ̀ mọ́ àwọn ará ibẹ̀ lẹ́sẹ̀, epo rọ̀bì ń jáde lábẹ́ omi wọn, Àbújá ni wọ́n sì ti ń ṣe ìpinnu tó kan méjèèjì. Ohun tí ìwádìí yìí fi múlẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ orí ayélujára ń ṣe ìlú láǹfààní nígbà tó bá so mọ́ iṣẹ́ tó ní àkọsílẹ̀ nínú ilé aṣòfin. Bí kò bá so mọ́ ọn, ariwo lásán ni, bó ti wù kó dùn tó.

Ẹkùn ìdìbò àti àwọn aṣojú rẹ̀

Ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Ìgbókòdá, ló di etí òkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó mú. Ùgbò, Màhín, Ayétòrò àti Awoyè wà lára àwọn ìlú rẹ̀ tí a mọ̀ jù. Nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 360, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣojú Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò pọ̀. Nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 109, Sẹ́nétọ̀ kan ló ń ṣojú gbogbo ẹkùn Gúúsù Oǹdó, èyí tó kó ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà pọ̀: Ìlàjẹ, Ẹsẹ̀-Odò, Òkìtìpupa, Ìrèlè, Òdígbó àti Ilé-Olújì/Òkè-Igbó. Ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Àkúrẹ́, méjì nínú aṣòfin 26 ló wá láti Ìlàjẹ. Ọ̀rọ̀ àwọn apẹja ní láti du àyè mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn olóko kòkó àti olóko ọ̀pẹ lẹ́nu Sẹ́nétọ̀ kan náà.

Kò sí ẹni tó ń wà lórí àga títí: aṣojú máa ń yí padà. Kolade Akinjo ti ẹgbẹ́ PDP ló ṣojú Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò láti 2015 sí 2023. Donald Ojogo ti ẹgbẹ́ APC, tó ti ṣe kọmíṣọ́nnà fún ètò ìròyìn ní ìpínlẹ̀ náà rí, ló gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ilé aṣòfin àgbà, Nicholas Tofowomo ló ṣojú Gúúsù Oǹdó láti 2019 sí 2023, kí wọ́n tó dìbò yan Jimoh Ibrahim. Ìyípadà yìí ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ tí à ń sọ. Ojú òpó Facebook tàbí X jẹ́ ti ẹni tó ni ín, kì í ṣe ti ipò. Bí aṣòfin bá lọ, ó lè kó gbogbo ohun tó kọ síbẹ̀ lọ, ó sì lè pa á rẹ́. Ìwé àkọsílẹ̀ ìjíròrò ilé aṣòfin ní tirẹ̀ jẹ́ ti orílẹ̀-èdè.

Láti inú ìwé ìròyìn dé ojú fóònù

Kì í ṣe ayélujára ló kọ́kọ́ fún olóṣèlú ilẹ̀ Yorùbá ní ibi tí yóò ti máa bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìjókòó ilé. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá ìwé ìròyìn Nigerian Tribune sílẹ̀ ní 1949, ọdún méjì ṣáájú ìdìbò 1951 tó gbé e wọ ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Lẹ́yìn náà ni rédíò àti tẹlifíṣàn gba ipò iwájú. Ṣùgbọ́n olóòtú ìwé ìròyìn àti ọ̀gá ilé iṣẹ́ rédíò ló máa ń pinnu ohun tí yóò jáde.

Ìtàn Ìlàjẹ fi ohun tí èyí túmọ̀ sí hàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tó lọ sí pèpéle ìwapo Parabe ti ilé iṣẹ́ Chevron láàárín òkun, láti béèrè fún iṣẹ́ àti àtúnṣe àyíká wọn. Àwọn ológun wá bá wọn níbẹ̀, ẹni méjì sì kú. Ìjọba ológun ló wà lórí àlééfà nígbà náà, kò sí aṣòfin tí wọ́n dìbò yàn tó lè gbé ọ̀rọ̀ náà dìde ní Àbújá. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn àti oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè ló gbé e jáde. Ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Bowoto àti Chevron ló tẹ̀ lé e ní ilé ẹjọ́ San Francisco, níbi tí ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ti dá Chevron láre ní oṣù kejìlá ọdún 2008.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn, nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde lórí Facebook pé òun yóò díje. Láti 2015 sí 2019, Sẹ́nétọ̀ Ben Murray-Bruce ti Ìpínlẹ̀ Bayelsa àti Sẹ́nétọ̀ Shehu Sani ti Ìpínlẹ̀ Kaduna di ẹni tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀ nítorí ohun tí wọ́n ń kọ sórí Twitter, tó ti di X báyìí. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, kò sì ṣí i padà títí di oṣù kìíní ọdún 2022. Ní oṣù keje ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé títì náà lòdì sí òfin.

Oríṣi ọ̀rọ̀ tí aṣòfin ń kọ

A lè pín ohun tí àwọn aṣòfin ń gbé sórí ayélujára sí ọ̀nà mẹ́rin. Èkíní ni ìròyìn iṣẹ́: àbádòfin tí wọ́n gbé kalẹ̀, àbá tí wọ́n dá, ìbẹ̀wò tí ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó wọn ṣe. Èkejì ni àlàyé ètò ìjọba, irú èyí tó pọ̀ nígbà tí àwọn àbádòfin àtúnṣe owó orí dé ilé ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, títí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi fọwọ́ sí wọn ní oṣù kẹfà ọdún 2025. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú, yálà ìyìn fún ẹgbẹ́ tirẹ̀ tàbí àtakò sí ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹrin ni àwòrán ohun tí wọ́n pín tàbí tí wọ́n kọ́: ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, àwọ̀n, kànga ẹ̀rọ, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́.

Oríṣi kẹrin yìí ló ń fa ojú mọ́ra jù, òun náà ló sì nílò àyẹ̀wò jù. Owó iṣẹ́ àkànṣe ẹkùn ìdìbò wà nínú ètò ìṣúnà ìjọba àpapọ̀, kì í ṣe láti inú àpò aṣòfin. Ẹgbẹ́ BudgIT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, ní ètò kan tó ń jẹ́ Tracka, tó ń fi iṣẹ́ tí a kọ sínú ètò ìṣúnà wé ohun tó wà nílẹ̀ ní abúlé. Ará ìlú tó bá mọ èyí kò ní dúpẹ́ ẹ̀bùn lórí ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlú ńlá ní etí omi

Ètò ìjọba àpapọ̀ kì í dé Ìlàjẹ bó ṣe ń dé Èkó tàbí Ìbàdàn. Nígbà tí owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, iye owó lítà epo bẹntiróòlù kan kúrò ní ìsàlẹ̀ 200 náírà, ó sì kọjá 600 kí oṣù keje tó parí. Ní ìlú tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ọjà, sí ilé ìwòsàn àti sí ilé ìwé, tí apẹja kò sì lè jáde sí òkun láìra epo sí ẹ́ńjìnnì, ìpinnu yẹn kan ẹja, oúnjẹ àti ìlera lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣòfin tó bá kọ̀wé lórí owó epo láìdárúkọ owó ọkọ̀ ojú omi ti fi àwọn tó dìbò fún un sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ara wọn.

Òfin ilé iṣẹ́ epo tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 16, oṣù kẹjọ, ọdún 2021 tún jẹ́ àpẹẹrẹ. Àwọn aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn ìlú tí epo ti ń jáde. Àwọn aṣòfin àgbà fọwọ́ sí ìdá mẹ́ta. Ìdá mẹ́ta nínú owó tí ilé iṣẹ́ ná lọ́dún tó kọjá ló padà di òfin. Òfin náà tún sọ pé bí wọ́n bá ba ohun èlò jẹ́ ní ìlú kan, a ó yọ owó àtúnṣe kúrò nínú ìpín ìlú náà. Ohun méjèèjì yìí nínú òfin náà kan etídò Ìlàjẹ tààrà.

Ọ̀rọ̀ Ayétòrò ló ṣe kedere jù. Àwọn onígbàgbọ́ tó kúrò níbi inúnibíni ló tẹ ìlú náà dó ní 1947. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń ná owó, ìlú wọn sì lókìkí fún ọkọ̀, iná mànàmáná àti iṣẹ́ ọwọ́. Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé, ilé ìwé àti ilẹ̀ ìsìnkú wọn lọ. NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìdàgbàsókè ẹkùn Niger Delta, gbé iṣẹ́ ìdènà òkun fún agbaṣẹ́ṣe ní 2004, ó tún gbé e fún òmíràn ní 2009, síbẹ̀ ògiri ìdènà náà kò dìde. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ló ń fi fóònù ya fídíò omi tó ń wọ yàrá, tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, kànga epo Ororo-1 bú gbàmù nínú òkun lẹ́bàá Awoyè, iná rẹ̀ sì jó fún ọdún púpọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ará ìlú ló kọ́kọ́ kígbe, àwọn olóṣèlú ló tẹ̀ lé wọn. Bákan náà ni ọ̀nà etí òkun láti Èkó dé Calabar, tó gùn tó 700 kìlómítà, ṣe gbọ́dọ̀ gba Oǹdó kọjá. Ibi tí yóò gbà, àti owó gbà-má-bínú fún onílé àti olóko, jẹ́ ohun tó yẹ kí aṣòfin máa ṣàlàyé kí iṣẹ́ tó débẹ̀.

Ààlà tí òfin fi sí i

Abala 39 nínú ìwé òfin 1999 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀. Òfin agbára àti àǹfààní ilé aṣòfin ti 2017 sì dáàbò bo ọ̀rọ̀ tí aṣòfin bá sọ nínú ilé tàbí nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ààbò yẹn kò tẹ̀ lé e dé orí Facebook. Níbẹ̀, òfin ìbanilórúkọjẹ́ àti abala 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, lè mú un bí wọ́n ṣe lè mú ẹlòmíràn.

Ìbáwí tún lè ti inú ilé wá. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n ní kí Sẹ́nétọ̀ Abdul Ningi lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́ta nítorí ohun tó sọ fún BBC Hausa nípa ètò ìṣúnà. Ní oṣù keje, Sẹ́nétọ̀ Ali Ndume pàdánù ipò Chief Whip lẹ́yìn tó sọ̀rọ̀ nípa ebi tó ń pa ará ìlú. Ilé ẹjọ́ náà lè báni wí. Sẹ́nétọ̀ Natasha Akpoti-Uduaghan ti Ìpínlẹ̀ Kogi kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ẹ̀fẹ̀ kan sórí Facebook ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ní oṣù keje, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá sọ pé lẹ́tà náà tàpá sí àṣẹ ilé ẹjọ́, ó sì bu mílíọ̀nù márùn-ún náírà lé e. Sẹ́nétọ̀ náà sì pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹyin lọ̀rọ̀, ti aṣòfin kò sì yàtọ̀.

Àwọn aṣòfin kan pẹ̀lú ti gbìyànjú láti fi òfin dín ọ̀rọ̀ ará ìlú kù. Àbádòfin tí Sẹ́nétọ̀ Bala Ibn Na'Allah gbé wá ní 2015 forí ṣánpọ́n ní 2016; èyí tí Sẹ́nétọ̀ Sani Musa gbé wá ní 2019 náà kò di òfin.

Ohun tó ń dí ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ní etídò

Ìdènà àkọ́kọ́ ni iná mànàmáná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ abúlé orí omi kò ní iná ìjọba, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń gba agbára sínú fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì máa ń lọ bí ọkọ̀ bá ti jìnnà sí Ìgbókòdá. Ìdènà kejì ni èdè. Abala 55 nínú ìwé òfin gbà kí wọ́n lo Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò nínú ilé aṣòfin àpapọ̀ nígbà tí ètò bá ti wà fún un, síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì náà sì ni wọ́n ń kọ sórí X. Ìyá tó ń yan ẹja ní Awoyè kò lè ka ìyẹn. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp ní ẹ̀ka-èdè Ìlàjẹ, tàbí ní èdè Ìjọ́ fún àwọn ará Àrògbò, lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí pé ẹnì kan tó ti dé Ìgbókòdá lè gbé e padà wá sílé nínú fóònù rẹ̀.

Òṣùwọ̀n ọ̀rọ̀ aṣòfin

Ní ilé aṣòfin wa, “bẹ́ẹ̀ ni” àti “bẹ́ẹ̀ kọ́” tí gbogbo ilé jọ ń pariwo ni wọ́n sábà fi ń dìbò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fọwọ́ sí òfin pàjáwìrì ti Ìpínlẹ̀ Rivers ní oṣù kẹta ọdún 2025, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé òfin béèrè fún ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta àwọn aṣòfin. Irú ìdìbò bẹ́ẹ̀ kì í fi orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Níbi tí àkọsílẹ̀ kò bá ti sọ ẹni tó gbà àti ẹni tó kọ̀, ọ̀rọ̀ tí aṣòfin fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tí olùdìbò ní. Ìdí pàtàkì nìyí tó fi yẹ kí aṣòfin kọ̀wé, kó sì sọ ibi tó dúró sí.

Àpẹẹrẹ kan wà nítòsí. Ní Ghana, Samuel Okudzeto Ablakwa tó ṣojú North Tongu fi Facebook gbé ìwé ẹ̀rí jáde láti 2021 lórí owó bàálù àdáni tí Ààrẹ Nana Akufo-Addo ń háyà, ó sì gbé ìbéèrè kan náà wọ ilé aṣòfin kí àwọn mínísítà lè dáhùn. Nígbà tí omi ìsédò Akosombo tú ní 2023, tó sì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò nílé ní ẹkùn rẹ̀, ojú òpó yẹn kan náà ló fi sọ ìṣòro wọn fún orílẹ̀-èdè. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lágbára ni ìwé tó so mọ́ ọn àti ìbéèrè tó tẹ̀ lé e.

Láti inú gbogbo èyí, olùdìbò Ìlàjẹ lè fi ìbéèrè mẹ́rin wọn ọ̀rọ̀ aṣojú rẹ̀. Ṣé ó dárúkọ àbádòfin, àbá tàbí ìlà ètò ìṣúnà tí a lè lọ wò? Ṣé ó sọ bí òun ṣe dìbò? Ṣé ó ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè náà ṣe kan apẹja, oníṣòwò àti ọmọ ilé ìwé ní etí omi, ní èdè tó yé wọn? Ṣé ó padà wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọdún tó kọjá dé? Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àti ilé ìwé ìlú lè máa tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, kí ó má baà pòórá pẹ̀lú ojú òpó ẹni tó kúrò nípò. Ìlú tó bá ní irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yóò lè fi ìlérí wé iṣẹ́ nígbà ìdìbò.