Orúkọ Ìdílé Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Ìtumọ̀ Wọn

Ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ máa ń sọ ilé tí ènìyàn ti wá. Bí a bá gbọ́ Àyànwálé, a ti mọ̀ pé ilé onílù ni. Bí a bá gbọ́ Ọdẹ́túndé, a mọ̀ pé ilé ọdẹ ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ wa bá rí Walker lẹ́yìn aṣọ agbábọ́ọ̀lù, tàbí tí wọ́n rí Johnson lára ìwé ìtàn Yorùbá, ọ̀pọ̀ wọn rò pé orúkọ òyìnbó kò ní ìtumọ̀ kankan. Ó ní ìtumọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń jẹ́ ẹ ló ti gbàgbé ni. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó wo bí orúkọ wọ̀nyí ṣe bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n túmọ̀ sí, bí díẹ̀ nínú wọn ṣe wọ àárín wa, àti ohun tí ìgbàgbé yẹn lè kọ́ àwa tí a wà ní Kétu, Ṣàbẹ́ àti Àjàṣẹ́.

Bí orúkọ ìdílé ṣe bẹ̀rẹ̀

Kí William ti Normandy tó ti ilẹ̀ Faransé wá gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066, orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, orúkọ bíi John, William, Robert àti Thomas pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí abúlé kan lè ní John márùn-ún. Kí wọ́n má baà ṣi ara wọn mú, wọ́n á fi nǹkan kún un: John alágbẹ̀dẹ, John ọmọ Robert, John ẹ̀bá òkè, John pupa. Bí àlàjẹ́ tiwa ló rí. Ará àdúgbò ló máa ń fún ènìyàn, kì í ṣe bàbá àti ìyá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń jẹ́ ẹ bá kú, orúkọ náà á bá a lọ. Ọmọ John alágbẹ̀dẹ tó bá di aláṣọ yóò jẹ́ orúkọ mìíràn. Ogún pínpín àti ìwé ìjọba ló mú kí ó dúró. Ẹni tó fẹ́ jogún ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní láti fi hàn pé ọmọ rẹ̀ ni òun, àwọn agbowó-orí náà sì ń kọ orúkọ ènìyàn sílẹ̀, bí wọ́n ti ṣe ní ọdún 1377, 1379 àti 1381. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí ọdún 1400, ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní orúkọ tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ bàbá. Ní ọdún 1538, Thomas Cromwell pàṣẹ kí ìjọ kọ̀ọ̀kan máa kọ orúkọ àwọn tí wọ́n bá ṣe ìrìbọmi fún, àwọn tó gbéyàwó àti àwọn tí wọ́n sin. Èyí tún so orúkọ náà mọ́ ìdílé pinpin.

Orúkọ tó ti ara iṣẹ́ wá

Smith ni orúkọ ìdílé tó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Alágbẹ̀dẹ ni. Ẹni tó bá ka ìwé Faransé yóò rántí Lefebvre àti Fabre: alágbẹ̀dẹ ni àwọn náà. Baker ni ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, Cook ni alásè, Clark ni akọ̀wé, Cooper ni ẹni tó ń kan àgbá onígi, Thatcher sì ni ẹni tó ń fi koríko bo ilé.

Àwọn mìíràn ti èdè Faransé wá, nítorí àwọn ará Normandy. Taylor bá tailleur tan, ìyẹn télọ̀. Fletcher wá láti ara flèche, ìyẹn ọfà. Ẹni tó ń ṣe ọfà ni. Butler ti ara bouteille wá. Òun ló ń tọ́jú ọtí nínú ilé ọlọ́lá.

Walker kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ìrìn. Ní ayé àtijọ́, bí wọ́n bá hun aṣọ irun àgùntàn tán, wọ́n á rì í sínú omi, wọ́n á sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ó lè ki. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ni Walker. Ní agbègbè mìíràn, Fuller ni wọ́n ń pè é, níbòmíràn Tucker. Webster náà yẹ kí á mọ̀: ahunṣọ ni, obìnrin ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pè. Baxter rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, obìnrin tó ń ṣe búrẹ́dì.

Orúkọ tó ti ara bàbá wá

“Son” tó wà lẹ́yìn orúkọ túmọ̀ sí ọmọ. Johnson ni ọmọ John, Wilson ni ọmọ Will, Robinson ni ọmọ Robin. Jackson ni ọmọ Jack, Jack fúnra rẹ̀ sì jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi ń kẹ́ John. Fitz tó wà nínú Fitzgerald ti ara fils ti Faransé wá: ọmọ Gerald.

Jones, Davies, Evans àti Williams pọ̀ gan-an ní Wales. Ní ibẹ̀, ó pẹ́ kí orúkọ ìdílé tó dúró sójú kan. Orúkọ tí bàbá ń jẹ́ ni ọmọ ń fi kún tirẹ̀, nítorí náà orúkọ ìdílé lè yí padà láti ìran kan sí èkejì. Nígbà tí ìwé ìjọba ní kí ó dúró, orúkọ bàbá tó wọ́pọ̀ nígbà náà ló di ti gbogbo ìran. Ìdí nìyí tí Jones, tó wá láti ara John, fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Orúkọ tó ti ara ilẹ̀ àti ìrísí wá

Hill ni ẹni tó ń gbé lẹ́bàá òkè, Wood ni ti ẹ̀bá igbó, Brook ni ti ẹ̀bá odò kékeré, Ford sì ni ti ibi tí ènìyàn ti lè fi ẹsẹ̀ la odò kọjá. Bí orúkọ bá parí sí “ton”, orúkọ ìletò ni lọ́pọ̀ ìgbà. Norton ni ìletò ìhà àríwá. Ìletò kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìdílé George Washington ti mú orúkọ wọn.

Brown ni ẹni tí irun tàbí àwọ̀ rẹ̀ ṣú díẹ̀, White ni ẹni funfun, Russell ni onírun pupa, Long ni ẹni gíga, Armstrong sì ni ẹni tí apá rẹ̀ le. Kí á ṣọ́ra níbí: King kì í sábà túmọ̀ sí pé ọba ni baba ńlá wọn. Ó lè jẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ láàfin, ó lè jẹ́ pé ó ṣe ọba nínú eré, ó sì lè jẹ́ pé ìwà bí ọba ló ń hù tí wọ́n fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bishop náà rí bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe wọ àárín wa

Wọ́n mú Àjàyí ọmọ Òṣogùn lẹ́rú ní ọdún 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá a nídè ní ọdún 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825, wọ́n fún un ní orúkọ àlùfáà kan ní London: Samuel Crowther. Crowther ni ẹni tó ń ta crowd, ohun èlò orin olókùn kan tí wọ́n ń fi ọ̀pá ta, bí a ṣe ń ta gòjé. Èyí kò kan Àjàyí rárá. Àjàyí ló sọ bí wọ́n ṣe bí i: ó dojú bolẹ̀ wá sáyé. Kò sì fi orúkọ náà sílẹ̀ títí tó fi di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864.

Bákan náà ni Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣe jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí sí Sierra Leone. Thomas Birch Freeman, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì tó dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1842 tó sì dé Abomey ní ọdún 1843, ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ bàbá aláwọ̀ dúdú àti ìyá Gẹ̀ẹ́sì. Freeman túmọ̀ sí ẹni tí kì í ṣe ẹrú.

Àwọn kan kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1894, David Brown Vincent kọ orúkọ yẹn sílẹ̀, ó di Mọ́jọlá Agbébí. Ní Amẹ́ríkà, Malcolm Little fi X rọ́pò Little, nítorí pé wọ́n ti gba orúkọ tí àwọn baba rẹ̀ ń jẹ́ ní Áfíríkà lọ́wọ́ wọn. Ní Àjàṣẹ́ wa, àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ń jẹ́ da Silva títí di òní. Igbó ni Silva, bíi Wood ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tó kàn wá

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Walker ń ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́wọ́. Nígbà tí ìjọba Faransé mú ìwé ìbí dé, orúkọ tí bàbá tàbí bàbá ńlá nìkan ń jẹ́ di orúkọ ìdílé nínú ọ̀pọ̀ ilé. Akọ̀wé kọ ọ́ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ, pẹ̀lú lẹ́tà Faransé. Adéṣínà di Adéchina, Olú di Olou. Ọdẹ di Odé, ẹni tí kò mọ ilé náà kò sì lè mọ̀ bóyá ọdẹ ni tàbí òde. Bí èmi akọ̀wé ẹgbẹ́ bá ń kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, mo máa ń béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ míì á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí ìwé mi nìyẹn.”

A kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ yí ìwé rẹ̀ padà. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò ju mẹ́ta lọ. Ẹ bi àwọn àgbà ilé léèrè ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ ìdílé yín àti ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ó ṣe wà nínú ìwé ìjọba. Kí ẹ sì kọ oríkì orílẹ̀ yín tẹ̀ lé e, nítorí òun ni ìwé ìbí kò ní àyè fún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní láti wá ìtumọ̀ orúkọ wọn nínú ìwé àtijọ́. Tiwa ṣì wà lẹ́nu àwọn bàbá àti ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí á béèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà.