Ta Ni Fíìmù Di Ẹ̀bi Rù? Frankenstein (1931) àti Ìdájọ́ Òbí Onígbàgbọ́ lórí Fíìmù Abàmì

Bí òbí Onígbàgbọ́ bá fẹ́ mọ̀ bóyá fíìmù kan yẹ ọmọ rẹ̀, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé: ṣé ẹ̀mí èṣù wà níbẹ̀? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn? Ṣé wọ́n pa èèyàn? Ìbéèrè gidi ni, n kò sì fi ojú tín-ín-rín wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró lórí rẹ̀ nìkan lè gba fíìmù tó léwu wọlé, kó sì lé èyí tó lè kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n jáde. Èrò mi ni pé ohun tó yẹ ká fi ṣe òṣùwọ̀n ni ẹni tí fíìmù náà di ẹ̀bi rù, àti bóyá ọmọ tó jókòó síwájú rẹ̀ ti dàgbà tó láti rí i.

Fíìmù Frankenstein, tí James Whale darí fún ilé-iṣẹ́ Universal lọ́dún 1931, ni màá fi gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀. Inú ìwé tí Mary Shelley tẹ̀ jáde lọ́dún 1818 ni wọ́n ti mú ìtàn rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Frankenstein ń hú òkú, ó rán ẹ̀yà ara wọn pọ̀, ó sì fi agbára mànàmáná sọ ọ́ di alààyè. Boris Karloff ló ṣe abàmì ẹ̀dá náà. Kó tó ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá, ohun tí a kọ́kọ́ rí i pé ó ṣe ni pé, bí wọ́n ṣe ṣí òrùlé tí ìmọ́lẹ̀ sì wọlé, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni fẹ́ gbá ìmọ́lẹ̀ mú. Wọ́n sì tún pa òrùlé náà dé. Lẹ́yìn náà ni ọmọọṣẹ́ Frankenstein, Fritz, bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná ògùṣọ̀ dẹ́rù bà á nínú ẹ̀wọ̀n.

Ibi tí àríyànjiyàn pọ̀ sí jù ni etí adágún omi. Ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Maria rí abàmì náà, kò sì sá. Ó fà á lọ́wọ́, ó fún un ní òdòdó, ó sì fi hàn án bí òdòdó ṣe ń léfòó lójú omi bí ọkọ̀. Abàmì náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí òdòdó ọwọ́ rẹ̀ tán, ó gbé ọmọ náà, ó jù ú sómi, ó rò pé òun náà yóò léfòó. Ọmọ náà rì. Abàmì náà sá lọ tìpayà-tìpayà.

Wọ́n gé apá ìparí ìran yìí kúrò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibi tí abàmì náà ti na ọwọ́ sí Maria ni àwòrán náà máa ń já sí, ohun tí a óò sì tún rí ni bàbá tó gbé òkú ọmọ rẹ̀ la àárín èrò tó ń ṣe àríyá ìgbéyàwó kọjá. Kí ni ẹni tó ń wò ó yóò rò? Yóò rò pé abàmì náà mọ̀ọ́mọ̀ pa á, tàbí pé ó ti kọ́kọ́ ṣe ohun tó burú ju ìpànìyàn lọ sí i. Àwọn tó gé e fẹ́ mú ìpayà kúrò, àmọ́ àìmọ̀kan abàmì náà ni wọ́n mú kúrò. Àwọn ọdún 1980 ni wọ́n tó dá ibẹ̀ padà.

Ọwọ́ àwọn Onígbàgbọ́ wà nínú irú iṣẹ́ yìí. Àlùfáà Kátólíìkì kan, Daniel Lord, wà lára àwọn tó kọ òfin ìwà tí Hollywood gbà lọ́dún 1930, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú lọ́dún 1934. Nígbà tí Universal tún gbé fíìmù náà jáde lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fi ààrá bo ohùn Frankenstein mọ́lẹ̀ níbi tó ti ń pariwo pé òun ti wá mọ bó ṣe ń rí láti jẹ́ Ọlọ́run. Mo mọ ìdí tó fi bí wọn nínú: ọ̀rọ̀ òdì ni. Àmọ́ ẹnu ẹlẹ́ṣẹ̀ ló ti jáde, òun gan-an sì ni fíìmù náà dá lẹ́jọ́ títí dé òpin. Ẹ̀ṣẹ̀ orí kẹta Jẹ́nẹ́sísì nìyẹn, tí ẹni tó dá a ń fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Bí a bá pa ohùn yẹn mọ́, ohun tó ṣẹ́ kù fún ọmọ láti bẹ̀rù kò ju ojú burúkú lọ.

Ẹlòmíì yóò rán mi létí Fílípì 4:8, pé ohun mímọ́ àti ohun tó yẹ fún ìyìn ni ká máa rò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Bíbélì kan náà ló fi àwọn ẹranko Dáníẹ́lì 7 àti Ìfihàn 13 hàn wá, òun ló sì fi odindi orí kan nínú Jóòbù ṣàpèjúwe Lefíátánì. Kò fi ẹranko abàmì pa mọ́ fún wa. Ó fi wọ́n sábẹ́ àṣẹ Ọlọ́run ni.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ṣe pàtàkì gan-an. Ní 1985, Cynthia Hoffner àti Joanne Cantor tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi fídíò obìnrin kan han àwọn ọmọdé. Nínú àwọn kan ojú rẹ̀ fani mọ́ra, nínú àwọn kan ó burẹ́wà. Ó ṣoore nínú òmíràn, ó sì hùwà ìkà nínú òmíràn. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún fi ojú rẹ̀ dá a lẹ́jọ́ ju bí àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ṣe ṣe lọ. Ìwà rẹ̀ ni àwọn àgbà wọn gbé yẹ̀ wò jù. Ohun tí Olúwa bá Sámúẹ́lì wí nílé Jésè, pé kó má wo ìrísí, ọmọ kékeré kò tíì lè ṣe é. Bí a bá fi Karloff han ọmọ ọdún mẹ́rin, ohun tí yóò kó lọ sórí ibùsùn ni pé ẹni tó burẹ́wà ni apànìyàn. Ẹ̀kọ́ tó lòdì sí Ìhìn Rere nìyẹn.

Ohun tí mo sọ yìí kan ilé tiwa náà. Mount Zion Faith Ministries, tí Mike Bamiloye dá sílẹ̀ ní 1985, ṣe fíìmù Agbára Ńlá, ọ̀pọ̀ ilé Onígbàgbọ́ ló sì kó tọmọtọmọ jókòó wò ó. Ẹ̀rù iwin àti àwọn ẹ̀mí òkùnkùn inú rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ lè dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lálẹ́. Mo gbà pé iṣẹ́ ìránṣẹ́ àwọn tó ṣe é jinlẹ̀, fíìmù náà kò sì fi ibi tí ẹ̀bi wà pa mọ́ rárá. Ṣùgbọ́n pé wọ́n pe orúkọ Jésù nínú fíìmù kò sọ ọ́ di ti ọmọ ọdún márùn-ún. Òṣùwọ̀n kan ló yẹ ká lò fún Whale àti fún Bamiloye.

Frankenstein náà ní àbùkù, kì í sì í ṣe èyí tí àwọn tó gé e rí. Àkọ́kọ́ ni ọpọlọ ọ̀daràn inú ìgò tí Fritz jí gbé, tí wọ́n fi sí abàmì náà lórí, ohun tí kò sí nínú ìwé Mary Shelley. Ó ń sọ fún ọmọ pé inú ìgò ni ibi ti ń wá, nígbà tí Jésù sọ nínú Máàkù 7 pé inú ọkàn ló ti ń jáde. Èkejì ló dùn mí jù. Àwọn Yorùbá gbà pé ẹni tó bá bí ọmọ ọ̀ràn ni yóò pọ̀n ọ́n; nínú fíìmù yìí, àwọn ará ìlú sun abàmì náà mọ́ inú ilé ọlọ afẹ́fẹ́, ẹni tó dá a sì padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, bàbá rẹ̀ gbé ife wáìnì sókè fún ọmọ tí wọn yóò bí. Ètò àkọ́kọ́ ni pé kí Frankenstein kú. Ilé-iṣẹ́ náà ló yí i padà kí inú àwọn òǹwòran lè dùn. Ibẹ̀ ni òbí ti gbọ́dọ̀ dá fíìmù dúró, kó bi ọmọ pé ta ló yẹ kí bàbá Maria lọ bá.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, èmi kò ní fi fíìmù yìí hàn án. Fún ọmọ ọdún mẹ́wàá sókè, màá fi hàn án, èyí tí wọ́n kò gé, ní ọ̀sán, kí òbí tó ti kọ́kọ́ dá wò ó jókòó tì í.