Ìró Tó Ń Bọ̀ Láti Ẹ̀yìn

Aago 4:50 ìdájí. Òjò ti dá, ṣùgbọ́n omi ṣì ń kán láti orí páànù. Danfo náà wà níbi tí awakọ̀ rẹ̀ gbé e sí lálẹ́ àná, létí títì ní Akówọnjọ. HiAce tòkúnbọ̀ ni, ọ̀dà yẹ́lò, ìlà dúdú. Awakọ̀ tan iná fóònù, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ táyà ẹ̀yìn lápá òsì. Nǹkan kan ti kán sílẹ̀ níbẹ̀. Kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ. Ó fi ìka kàn án, ó gbé e sí imú. Òórùn imí-ọjọ́ ni. Ó fi bàtà nù ún mọ́lẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Aago 5:20. Kọ́ndọ́ ń pe èrò ní Ẹ̀gbẹ́dá. "Dọ́pẹmu, Agége! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ọkọ̀ kún. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Kò sí nǹkan tó ṣe.

Aago 6:35. Ìró náà bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ariwo. Ó kàn ń hùn láti ẹ̀yìn, nísàlẹ̀, bí ọkọ̀ bá ti mú eré díẹ̀. Bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, ohùn náà á yí padà. Bó bá tún tẹ̀ ẹ́, á padà sí ti tẹ́lẹ̀. Awakọ̀ pa rédíò. Obìnrin kan tó jókòó sókè táyà ẹ̀yìn ní ilẹ̀ ọkọ̀ ń gbọ̀n. Kọ́ndọ́ ní kí wọ́n mú owó ọkọ̀ wọn wá.

Aago 7:10. Omi òjò òru ti gba apá kan títì. Kẹ̀kẹ́ márúwá méjì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń wò ó. Danfo kò dúró. Ó wọ inú omi náà, omi sì bo ìdajì táyà rẹ̀. Nígbà tó jáde, ìró náà ti rọlẹ̀ díẹ̀. Awakọ̀ mí kanlẹ̀.

Aago 7:42. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bíríìjì Dọ́pẹmu, wọ́n ń lọ sí ọ̀nà Agége. Kẹ̀kẹ́ kan tó wà níwájú dúró lójijì. Awakọ̀ tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ kò dúró síbi tó yẹ kó dúró. Ó fà sápá ọ̀tún. Awakọ̀ di sítíárìn mú, ó yí i, ó tún tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kejì. Táyà kan ké. Ọkọ̀ dúró.

Àlàfo tó wà láàárín danfo àti kẹ̀kẹ́ náà kò tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ọmọ iléèwé méjì ló jókòó sínú kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n gbé báàgì wọn lé ẹsẹ̀. Wọn ò wẹ̀yìn. Kẹ̀kẹ́ ṣí, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Aago 7:45. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ọ́lẹ̀." Kọ́ndọ́ ń dá owó padà. Ọkùnrin kan ń ṣépè. Awakọ̀ kò fèsì. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí sítíárìn.

Aago 8:40. Ó ti rọra wa ọkọ̀ náà padà sí Akówọnjọ, dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Ó tún ti dé?"

"Ó tún ti dé, Bàbá."

Wọ́n fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, wọ́n ti pákó tó nípọn sábẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Mẹkáníìkì fi ọwọ́ yí táyà. Ó gbé etí sún mọ́ ilé dífírẹ́ńṣà, gíà tó ń yí táyà ẹ̀yìn. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

Aago 9:15. Ọmọ iṣẹ́ ti ki sípánà 24 bọ nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì jáde. Mẹkáníìkì ní kó gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. Ti òkè ni wọ́n ń kọ́kọ́ tú, ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ìlì sí i. Bí ìsàlẹ̀ bá tú tán tí òkè kọ̀, ọkọ̀ á wà lórí igi láìní ọ́ìlì nínú.

Òkè kọ̀. Sípánà yọ̀. Wọ́n rọ kẹrosíìnì sí i. Wọ́n fi òòlù kàn án pẹ́pẹ́. Wọ́n dúró.

Aago 9:40. Nọ́ọ̀tì yí. Kó tó bọ́, afẹ́fẹ́ sọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fíì. Ọwọ́ mẹkáníìkì dúró díẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó ń tú u lọ.

Aago 9:50. Wọ́n tú ìsàlẹ̀. Ọ́ìlì náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìyẹn ló dára, torí bó bá tutù tán, ìdọ̀tí á kù sílẹ̀. Ó ń dà sínú abọ́. Gíà ọ́ìlì tuntun máa ń mọ́ gaara, tó bá gbó, á dúdú. Èyí kò mọ́, kò sì dúdú. Ó rí bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí.

"Omi," ni ọmọ iṣẹ́ wí.

Mẹkáníìkì fi ìka pa ohun tó lẹ̀ mọ́ irin nọ́ọ̀tì. Lẹ́búlẹ́bú eérú irin ni, tó wà nínú gbogbo ọkọ̀ tó ń rìn. Àmọ́ ohun tó ń dán wà nínú rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó wá èyí tó tóbi, kò rí. Eyín gíà kankan kò tíì kán. Bẹ́arìn ló ti ń jẹ ara rẹ̀.

Nínú dífírẹ́ńṣà HiAce, gíà kékeré tó ń gba agbára láti iwájú kò wà ní ọ̀gangan àárín gíà ńlá tó ń yí. Ó rẹlẹ̀ sí i. Láti bí ọdún 1926, tí ilé iṣẹ́ Packard ní Amẹ́ríkà ti fi irú gíà yìí sínú ọkọ̀ wọn, ni iṣẹ́ ọ́ìlì ti le sí i, torí eyín gíà méjèèjì kì í kàn pàdé, wọ́n ń ha ara wọn lọ lábẹ́ ẹrù wíwúwo. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kò lè dúró láàárín wọn. Kẹ́míkà tó ní imí-ọjọ́ nínú ni wọ́n ń fi sí gíà ọ́ìlì kó lè dáàbò bo irin náà. Bí omi bá wọ̀ ọ́, ààbò náà tán, ìpẹtà bẹ̀rẹ̀.

Aago 11:20. Wọ́n yọ dúróòmù bíréèkì apá òsì. Inú rẹ̀ ń dán. Ọ́ìlì ti gba ara síìlì tó yẹ kó sé e mọ́nú jáde, ó ti rin ṣúù bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Apá ọ̀tún gbẹ, eruku dúdú ló wà níbẹ̀. Awakọ̀ wo méjèèjì. Ó jókòó sórí táyà tí wọ́n tú.

"Ọ́ìlì síìlì ẹlẹ́ẹ̀kẹta lọ́dún yìí nìyí, Bàbá."

Mẹkáníìkì kò dá a lóhùn.

Aago 2:20 ọ̀sán. Awakọ̀ dé láti ọjà Ládipọ̀ pẹ̀lú bẹ́arìn, síìlì, ṣúù bíréèkì àti gíà ọ́ìlì. Mẹkáníìkì yẹ ìdérí ìgò wò, ó ka ara rẹ̀: 80W-90, GL-5. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó mi orí.

Aago 3:45. Bẹ́arìn ti wọlé. Síìlì ti wọlé. Ṣúù tuntun ti wà níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ gbé ọ́ìlì, ó fẹ́ rọ ọ́. "Dúró," ni mẹkáníìkì wí. Ó dùbúlẹ̀ sórí páálí, ó wọ́ ara rẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti pẹtiróòlù fọ òkè irin gbọọrọ tó gbé táyà méjèèjì. Ìdérí kékeré kan yọjú lábẹ́ amọ̀. Ó yẹ kí irú rẹ̀ máa mì bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Èyí kò mì. Ó fi páláyà tú u. Amọ̀ tó ti le ló kún inú rẹ̀. Ó ki wáyà bọ̀ ọ́, amọ̀ náà já lé e lójú.

Aago 4:00. Ó jáde, ó nu ojú, ó sì sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni dífírẹ́ńṣà fi ń mí. Bí ọkọ̀ bá ń rìn, ọ́ìlì á gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú. Bí ihò bá dí, afẹ́fẹ́ náà á ti ọ́ìlì gba ara síìlì jáde, bí síìlì náà bá tiẹ̀ jẹ́ tuntun, ọ́ìlì á sì dà sórí bíréèkì. Bí irin gbígbóná náà bá wá bọ́ sínú omi, á tutù lójijì, afẹ́fẹ́ inú á sún kì, á sì fa omi wọlé láti ojú kan náà.

Aago 4:25. Wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Wọ́n ń rọ ọ́ìlì láti òkè títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde lẹ́nu ihò. Ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Wọ́n dé e.

Aago 5:10 ìrọ̀lẹ́. Lórí bíríìjì Dọ́pẹmu, láìsí èrò, awakọ̀ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọkọ̀ dúró gbọnrangandan. Ẹ̀yìn dákẹ́.

Aago 5:50. Síìlì mẹ́ta ni wọ́n ti dá lẹ́bi lọ́dún náà, kò sì sí èyí tó jẹ̀bi nínú wọn. Ibi tí ọ́ìlì ń gbà sá jáde ni wọ́n ń dí. Kò sẹ́ni tó ṣí ibi tí afẹ́fẹ́ yẹ kó gbà. Mẹkáníìkì nu ọwọ́ rẹ̀, ó wá orúkọ kan nínú fóònù. Awakọ̀ mìíràn ni, tó pààrọ̀ síìlì fún lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí òun náà ń ná Agége.

"Má gbé ọkọ̀ yẹn jáde lọ́la," ló wí. "Ọ̀dọ̀ mi ni kó o kọ́kọ́ mú un wá."